Adùn Ewì àti Ìtàn Nínú Orin Yorùbá

Ìfáárà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí adùn tí ń bẹ nínú gbígbọ́ ewì àti ìtàn nígbà tí a bá fi orin gbé wọn kalẹ̀. Orin tí ìjíròrò náà kàn ni èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ìlànà tirẹ̀ kí ohùn orin tó dé bá a, ìbáà jẹ́ oríkì tí àwọn àgbà ti ń ki láti ìran dé ìran, àlọ́ tí ìyá àgbà ń pa fún àwọn ọmọ lálẹ́, ẹsẹ Ifá, tàbí ewì tí akéwì òde òní kọ sínú ìwé. Ìbéèrè tó yẹ kí a dáhùn ni ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ti dùn létí tẹ́lẹ̀, fi tún máa ń ní agbára mìíràn bí olórin bá fi ohùn, ìlù àti ègbè tì í lẹ́yìn, àti ìdí tí orin mìíràn fi máa ń ba ọ̀rọ̀ tó gbé jẹ́.

Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, láàárín àwọn Yorùbá, ibi méjì ni adùn náà ti ń wá. Èkíní ni ìbáramu ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sọnù sínú orin bó ti wù kí ìlù dún tó. Èkejì ni ipa tí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ń kó, nítorí pé ẹni tó bá ń gbe orin ìtàn ti di ara àwọn tó ń pa ìtàn náà. Níbi tí méjèèjì bá ti pé, ewì àti ìtàn máa ń pẹ́ lọ́kàn ju bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lójú ìwé lọ.

Ohùn ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ orin

Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ohùn ṣe ga tàbí bó ṣe rẹlẹ̀ lórí sílébù kọ̀ọ̀kan wà lára ohun tó ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Ohùn mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ èdè kà, ìyẹn ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń fi mí, re àti dò kọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ ni ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ ni èrò ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń jù lójú ogun. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, gbólóhùn Yorùbá ti ní ìgòkègbodò tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé òun fẹ́ fi í kọrin, bí olórin bá sì gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, olùgbọ́ yóò sì gbọ́ ohun tí olórin kò ní lọ́kàn láti sọ.

Èyí kò sọ pé orin gbọ́dọ̀ rí bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn ń yọ́ láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn láìdúró sí ìwọ̀n kan pàtó, ṣùgbọ́n nínú orin, ohùn kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ tó dúró sí gbọnin. Ohun tí orin jẹ ọ̀rọ̀ ní gbèsè ni ìtọ́sọ́nà: bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kí orin má ṣe sọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀, kí orin má ṣe gòkè. Bí ìgòkè náà yóò ṣe tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó, ibi tí a ó ti fa ọ̀rọ̀ gùn àti ibi tí a ó ti sáré sọ ọ́, gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ olórin, inú ààyè tó ṣẹ́ kù fún un yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ sì ti ń hàn.

Bí a bá fi èdè tí kì í ṣe olóhùn wé e, ọ̀rọ̀ náà yóò túbọ̀ yé ni. Ní ọdún 1815, Franz Schubert, olórin ọmọ ìlú Vienna tó jẹ́ ẹni ọdún 18 nígbà náà, mú Erlkönig, ewì tí Johann Wolfgang von Goethe kọ ní èdè Jámánì, ó sì sọ ọ́ di orin fún akọrin kan àti dùùrù. Ìtàn ni ewì náà ń sọ: bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra lórí ẹṣin, ó ń sáré lọ nínú òru, iwin kan sì ń tan ọmọ náà pé kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, títí ọmọ fi kú sọ́wọ́ bàbá. Akọrin kan ṣoṣo ló ń gba ẹnu asọ̀tàn, bàbá, ọmọ àti iwin sọ̀rọ̀, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń tẹ dùùrù ń dún léraléra bí ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń sáré. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá ké pe bàbá rẹ̀, Schubert ń gbé ohùn igbe náà ga ju ti ìṣáájú lọ, ẹ̀rù olùgbọ́ sì ń pọ̀ sí i. Èdè Jámánì gbà á láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé gíga ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀. Olórin Yorùbá kò ní òmìnira yìí, ṣùgbọ́n ó ní ohun mìíràn dípò rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ó gbà lọ́wọ́ akéwì ti ń júwe orin fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti inú ohùn ọ̀rọ̀ yìí ni ewì alohùn ti jáde, ìyẹn ewì tí a ń fi ìṣọwọ́gbóhùn kan pàtó gbé kalẹ̀, tó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ṣùgbọ́n tí kò tí ì di orin pátápátá. Ìjálá àwọn ọdẹ wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rárà, ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà egúngún àti ìyẹ̀rẹ̀ àwọn babaláwo. Adébóyè Babalọlá, tó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966, fi han àwọn onímọ̀ lágbàáyé pé ewì tí kò sí lójú ìwé lè ní ìlànà tó jinlẹ̀ bíi ti èyí tó wà lójú ìwé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ewì wọ̀nyí láti kékeré yóò mọ ìjálá yàtọ̀ sí rárà nípa bí ohùn ṣe ń jáde, kó tilẹ̀ tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ìyẹ̀rẹ̀, àwọn babaláwo tó jókòó ti ẹni tó ń sun ún yóò máa gbè é ní òpin gbólóhùn, ègbè wọn sì ni ẹ̀rí pé ẹsẹ náà tọ̀nà. Bí ó bá ṣì í kì, wọn yóò dá a dúró. Adùn àti òtítọ́ jọ ń rìn níbẹ̀ ni, nítorí pé ẹni tí orin náà dùn mọ́ gan-an ni ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Orin nínú àlọ́

Oríṣi àlọ́ méjì ni Yorùbá ní. Àlọ́ àpamọ̀ ni ìbéèrè kúkúrú tó ń wá ìdáhùn. Àlọ́ àpagbè ni ìtàn tó ní orin nínú, tí apàlọ́ ń dá, tí àwọn olùgbọ́ sì ń gbè. Láti inú orúkọ rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìtàn nìkan kò tó, ẹni tó bá sì fi orin sílẹ̀ tó kàn ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tí ì pa àlọ́.

Nínú ìtàn Ajá àti Ìjàpá, ìyàn mú gidigidi, àwọn ẹranko sì fohùn ṣọ̀kan pé kí oníkálukú mú ìyá rẹ̀ wá fún pípajẹ. Ajá lọ fi ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run, bí ebi bá sì ń pa á, yóò lọ dúró sí ibì kan, yóò kọrin, ìyá rẹ̀ yóò ta okùn sílẹ̀, yóò sì gòkè lọ jẹun. Ìjàpá fi ara pamọ́, ó kọ́ orin náà, ó sì lọ kọ ọ́ bí ẹni pé òun ni Ajá. Bí Ajá ṣe dé tó bá a lẹ́nu okùn, orin náà ló fi kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó gé okùn dànù. Ohun méjì ló yẹ kí a kíyè sí níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni pé inú orin gan-an ni ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń wáyé, torí pé okùn kì í sọ̀ bí a kò bá kọrin, kì í sì í já bí a kò bá yí orin padà. Èkejì ni pé àwọn ọmọdé tó gbe orin fún Ajá ni wọ́n tún gbè é fún Ìjàpá, tí ohùn tiwọn sì ń ran ọ̀dàlẹ̀ lọ́wọ́ láti gòkè lọ. Inú wọn ń dùn sí orin náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n fún ìyá Ajá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé kò lè ṣe irú èyí fún ọmọdé, nítorí pé òǹkàwé ń wo ìtàn láti ìta ni, elégbè sì wà nínú rẹ̀.

Ìtàn Olúrónbí, ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìrókò, jẹ́ àpẹẹrẹ agbára mìíràn tí orin ní. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lè pa ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́ ni orin rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wọn, láti inú orin yìí ni wọ́n sì ti ń tún ìtàn náà tò nígbà tí ọmọ bá béèrè. Kókó ìtàn náà, ìyẹn ohun tí àwọn yòókù fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ àti ohun tí Olúrónbí fi jẹ́ tirẹ̀, wà nínú orin náà pátá. A lè gbàgbé ohun tó kù, kí ìtàn má sì kú.

Ìlànà orin àlọ́ tún yanjú ìṣòro ohùn tí a ti mẹ́nu bà. Lílé ni apá tí apàlọ́ ń dá, ègbè sì ni ìdáhùn àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ ègbè kì í sábà yí padà, nítorí náà orin rẹ̀ lè dúró lójú kan kí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ lílé ń yí padà bí ìtàn ṣe ń lọ, nítorí náà orin lílé ń nà, ó ń sún kì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, kí ó lè bá ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan mu. Etí olùgbọ́ ń sinmi lórí ègbè, ó sì ń jí sí lílé, ìsinmi àti ìjí yìí ni kì í jẹ́ kí orin àlọ́ sú ni bó ti wù kó gùn tó.

Ohun tí orin ìyìn fi kọ́ni

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n túmọ̀ orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi orin òkè òkun kọ wọ́n. Orin ìyìn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohùn orin kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà kọjá. Bí ẹsẹ kìíní bá tilẹ̀ ṣe kòńgẹ́ orin náà, kò sí bí ẹsẹ kejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìgòkègbodò mìíràn, ṣe lè bá a mu, nítorí náà ìjọ ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nínú ìwé kí ó tó yé wọn. Ìgbàgbọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ kò kéré, àṣà sì ti sọ púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí di ohun ọ̀wọ́n. Síbẹ̀ adùn ọ̀rọ̀ tó ń bá orin rìn kò sí níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá inú ìjọ fúnra wọn ló wá àtúnṣe. Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ará Abẹ́òkúta tó gbé ayé láti ọdún 1855 sí 1930, kọ orin ìyìn tó gba ohùn Yorùbá, ó sì gbà wọ́n sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1920. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù tó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí là fi hàn pé olùgbọ́ tó lóye ọ̀rọ̀ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́ ń jọ́sìn tọkàntọkàn ju ẹni tó ń wá ìtumọ̀ lẹ́yìn orin lọ.

Orí ìtàgé: Ládiípọ̀ àti Ògúnmọ́lá

Inú ìjọ náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ orin kíkọ kí ó tó di òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1931, ó sì kú ní ọdún 1978. Nígbà tó gbé orin Àjíǹde tó ní ìlù Yorùbá nínú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn kan nínú ìjọ kọ ìlù náà, ó sì wá ibòmíràn tí orin rẹ̀ yóò ti rí ààyè. Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá ilé àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbẹ̀ ni ó sì ti gbé Ọba Mọ̀rò jáde. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní ọdún 1963.

Ọba Kò So sọ ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, àti àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ́nńkáà. Ládiípọ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ eré náà bí ẹni pé orin yóò wá bá a lẹ́yìn. Oríkì, ìjálá àti ọfọ̀ tí àwọn tó ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ni ó kó jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti bá ohùn tirẹ̀ wá. Ọfọ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára tí a gbà pé ohun tí a bá fi pè yóò ṣẹ. Nígbà tí Gbọ́nńkáà àti Tìmì pàdé ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà wọn, ohùn Gbọ́nńkáà ló sì ń kun Tìmì ní oorun. Olùgbọ́ ń gbọ́ ogun náà ju bó ṣe ń wò ó lọ. Bàtá ń dún fún Ṣàngó, nítorí pé ìlù rẹ̀ ni, dùndún sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí dùndún. Ìyáàlù, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ìlù náà, ní ọṣán tí a ta láti ojú kan dé èkejì. Bí onílù bá fún un, ohùn á ga, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ni ìlù fi ń pe ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èdè Yorùbá. Kò lè pe lẹ́tà kankan. Olùgbọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí ohùn tó gbọ́, ohun tó sì ń ràn án lọ́wọ́ ni òwe àti oríkì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ayọ̀ tó ń hàn lójú ẹni tí onílù fi ìlù ki, tó sì dá oríkì ara rẹ̀ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, jẹ́ ayọ̀ ẹni tó fi òye ara rẹ̀ parí ewì tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣe Ọba Kò So ní Berlin ní ọdún 1964, wọ́n sì tún ṣe é ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ní ọdún 1965, níwájú àwọn ènìyàn tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rí ẹwà ohùn àti ìlù gbà, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ èdè náà ń gba ìlọ́po méjì, nítorí pé ó ń gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ àti bí orin ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ nínú iṣẹ́ tíátà, ṣe ohun mìíràn tó yẹ kí a rántí. Ní ọdún 1952, Amos Tutuola ti tẹ ìwé ìtàn ọ̀mu jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ọkùnrin tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ìwé náà sì kún fún ohun tó ti inú àlọ́ wá. Ní ọdún 1963, Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Ìbàdàn, ó dá a padà sí Yorùbá, ó sì fi orin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ìwé ti gbà kúrò lọ́wọ́ àlọ́, ìyẹn ègbè àti ohùn, ni ìtàgé dá padà fún un. Ní ọdún 1969, eré náà dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwo orin àti òkè òkun

Nígbà tí àwo orin àti rédíò gbilẹ̀, ewì àti ìtàn rí ọ̀nà tuntun. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Lánrewájú Adépọ̀jù sọ ewì di ohun tí ènìyàn ń rà lọ sílé láti gbọ́, tí wọ́n ń fi ohùn akéwì ṣe olórí, tí orin sì ń tì í lẹ́yìn. Ebenezer Obey, nínú àwo tó gbé jáde ní ọdún 1973, fi jùjú sọ ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, tí aráyé ń bá wí bí bàbá bá gùn ún, bí ọmọ bá gùn ún, bí àwọn méjèèjì bá gùn ún, àti bí kò bá sí ẹni tó gùn ún. Ìtàn náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, nítorí pé ó wà ní Yúróòpù àti láàárín àwọn Lárúbáwá. Síbẹ̀ Obey pa á gẹ́gẹ́ bí àlọ́, ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ darí orin, gìtá àti ìlù sì fún olùgbọ́ ní àkókò láti ro ìbáwí kan kí òmíràn tó dé. Àwo kò lè gbọ́ ẹni tó ń gbè é, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti máa gbè é nínú ilé àti nínú mọ́tò.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé orin ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ wà ní Kúbà. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a ń pe ìran àti ẹ̀sìn wọn ní Lukumí. Nínú ìsìn òrìṣà wọn títí di òní, adárin tí wọ́n ń pè ní akpwón ń lé orin, ìjọ ń gbè, bàtá mẹ́ta sì ń tẹ̀ lé e. Lázaro Ros, tó kú ní ọdún 2005, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú àwọn adárin bẹ́ẹ̀. Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà, kó ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ sínú ìwé tó kọ́kọ́ jáde ní Paris ní ọdún 1936, ó sì tún tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1971 tó pè ní Ayapá, èyí tó kún fún ìtàn Ìjàpá. Nínú àwọn ìtàn tó kó jọ, èdè Sípéènì ni wọ́n fi sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ibi tí orin bá dé, ọ̀rọ̀ Lukumí ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti lọ, èyí tí orin gbé ló kù. Àwọn tí wọ́n já gbà kúrò nílé, tí wọ́n sì fi ipá fún ní èdè mìíràn, rí i pé ohun tó dùn mọ́ wọn lẹ́nu ni kò ṣeé gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìkádìí

Láti inú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ó hàn pé adùn ewì àti ìtàn nínú orin kì í ṣe ohun àfikún tí a lè mú kúrò kí ọ̀rọ̀ sì wà bó ṣe wà. Orin tó gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ń jẹ́ kí olùgbọ́ lóye lójú ẹsẹ̀, ègbè ń sọ ọ́ di alábàápín, ohun tí ènìyàn bá sì lóye tó tún fi ẹnu ara rẹ̀ kọ kì í tètè sọnù. Nítorí náà, ó yẹ kí olórin tó fẹ́ gbé ewì jáde kọ́kọ́ ka ewì náà sókè títí etí rẹ̀ yóò fi gbọ́ orin tó ti wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ewì pẹ̀lú ohùn, kí ó má ṣe fi ojú ìwé nìkan kọ́ wọn. Ó sì yẹ kí òbí tó ń pa àlọ́, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, dúró níbi tí orin bá dé, kí ó kọ́ ọmọ ní ègbè náà, kí ó sì dúró dè é kó gbè é. Ọmọ tó bá mọ ègbè yóò béèrè ìtàn, ẹni tó bá sì ń béèrè ìtàn lédè Yorùbá kò ní jẹ́ kí èdè náà kú.